Bí Abéèrè Àbúrò Mi Ṣe Tú Àṣírí Ara Rẹ̀ Níwájú Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n

Kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra. Bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ayùn mi kọ igi gígé, kí òòlù mi máa ṣi ìṣó gbá, kí gbogbo àga tí mo ti kàn láyé mi dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì da àwọn tó jókòó lórí wọn sílẹ̀. Àga ọ̀hún kò sì kéré o. Bí ẹ bá tò wọ́n léra, ẹni tó bá jókòó sórí èyí tó wà lókè pátápátá lè máa fi ẹsẹ̀ ta òṣùpá bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ ti wá rí i pé mi ò fi ìbúra ṣeré.

Ẹ má sì bi mí pé níbo ni káfíńtà ti mọ ìwé. Mi ò jókòó ní kíláàsì rí. Orí bébà tí wọ́n fi ń di ìṣó ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Bí mo bá ti tú ìṣó jáde, màá na bébà náà sórí pákó, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó kan òrùlé kan tán, mo ti ka ìròyìn ayé, mo ti ka ìkéde òkú, mo sì ti ka ìdajì ìtàn ìfẹ́ kan tí mi ò mọ bó ṣe parí títí dòní, nítorí pé wọn ò fi ìdajì tó kù di ìṣó fún mi. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ń wá bi mí lọ́rọ̀, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi kọ́ ló gbé mi dé ibí lónìí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni.

Abéèrè ni gbogbo ayé ń pè é. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò ké bí ọmọ tuntun ṣe ń ké. Ó lajú, ó wo agbẹ̀bí, ó ní, “Ta nìyí?” Èmi ò sí nínú yàrá, ṣùgbọ́n mo wà lẹ́nu ọ̀nà, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà kò dákẹ́ mọ́. Ó bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé ta ló kọ́ ọ lọ́kọ̀. Ó bi oníṣègùn eyín pé ta ló ń bá a yọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó bi í pé kí ló rí lára òun gan-an. Ọkọ náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń tún aago ṣe, ṣì ń ronú sí ìdáhùn rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Iṣẹ́ nìkan ni kò ṣẹnuure fún un. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, kí ẹnikẹ́ni má pè é bẹ́ẹ̀ létí mi. Iṣẹ́ tó ń rí ni kì í tọ́jọ́. Ó lọ aṣọ nílé ìfọṣọ, ilé ìfọṣọ gbiná. Ó ja tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tó ń jà á láìgba owó oṣù. Ó ń tọ́jú àgbàlagbà kan tó ń ṣàìsàn, àgbàlagbà náà gbádùn, ó sì ní kó máa lọ sílé. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Bùrọ̀dá, kí n rí iṣẹ́ kan tí mo lè dàgbà sí ṣá. Iṣẹ́ tí wọn ò ní máa sọ fún mi pé ó parí ní ìparí oṣù.” Kò béèrè ju ìyẹn lọ́wọ́ ayé.

Ìgbà náà ni Dókítà dé. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni, olùkọ́ yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ àga gíga ilé ọtí. Ohun tó ń wádìí ni bí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ṣe ń sọ èèyàn di ọlọ́rọ̀ tàbí tálákà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù lè ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn àdúgbò kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ilé ìwòsàn ti ṣí, ẹ gbé ọmọ yín wá; ilé ìwé ti wọlé, ẹ má fi ọmọ sílé; iṣẹ́ wà níbáyìí, ẹ lọ wò ó. Àwọn àdúgbò mìíràn, kò tẹ nǹkan kan ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá jẹ́ káfíńtà, á tètè yé yín: ẹ kun pákó kan lọ́dà, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbé méjèèjì sínú òjò, kí ẹ wo èwo ni yóò jẹrà. Èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún Dókítà, ó sì dúpẹ́ gan-an.

Ó wá nílò àwọn tí yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, yálà wọ́n ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí wọn ò gbà á. Ta ni kí wọ́n tún wá lọ? Wọ́n fún Abéèrè ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Àdúgbò náà wà lára àwọn tí kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, pákó tí kò ní ọ̀dà. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Dókítà ṣèlérí pé bí ìwádìí náà bá yọrí sí rere ní ìpàdé ńlá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, òun yóò sọ ọ́ di olórí àwọn oníbéèrè, iṣẹ́ tí kò ní òpin. Inú àbúrò mi dùn dé ibi pé ó gbàgbé láti béèrè ìbéèrè odidi wákàtí kan.

Òfin kan ló wà níbẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí Dókítà ń kà á fún un.

“Màmá, iṣẹ́ yín ò le. Ẹ béèrè, ẹ tẹ ìdáhùn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ máa lọ.”

“Tí ẹni tí mo bi lọ́rọ̀ bá ń sunkún ńkọ́?”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i pé ó ń sunkún.”

“Kí n má nu ojú ẹ̀?”

“Màmá, ẹ má nu ojú ẹnikẹ́ni! Oníbéèrè tó bá ran ẹni tó ń dáhùn lọ́wọ́ ti ba ìwádìí jẹ́ fún gbogbo wa. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni kálukú máa gba ọ̀nà tiẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, Dókítà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbà ni kò gbà.

Ilé àkọ́kọ́ tó wọ̀, obìnrin kan ni, ó gbé ọmọ tó ń wúkọ́ sẹ́yìn. Abéèrè bi í bóyá ọmọ náà ti dé ilé ìwòsàn láti oṣù tó kọjá. Obìnrin náà ní rárá. Abéèrè tẹ “rárá,” ó pa tábúlẹ́ẹ̀tì, ó tì í sínú báàgì, ó sì dìde.

“Ó yá, iṣẹ́ mi ti parí níbí. Ẹ wọ bàtà yín.”

“Ibo là ń lọ?”

“Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má wo báàgì mi, báàgì ò bá wa lọ.”

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá wà ní títàn, oníbéèrè ni; bó bá ti pa á, aládùúgbò ni. Ó bi ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì léèrè, onítọ̀hún ń kùn pé òun ò rí ẹni bá òun po ìyẹ̀fun. Ní ojúlé kejì, géńdé kan ń sùn lọ́sàn-án gangan torí kò ríṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, géńdé ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí iwin inú ìyẹ̀fun. Ní ti àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ìwé, ó ń kó wọn lọ bí ẹni ń kó ewúrẹ́, ó sì ń da ìbéèrè bo ọ̀gá ilé ìwé débi pé ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé jáde bó bá ti gbúròó bàtà rẹ̀. Ilé náà ga tó igi ọ̀pẹ, ó kàn ń bẹ́ ṣáá ni.

Mo bá a wí. Mo ní, “Abéèrè, ṣé wọ́n ní kí o máa ṣe èyí?”

Ó ní, “Bùrọ̀dá, wọn ò ní kí n máa mí náà, mo sì ń mí.”

Bọ́dún ṣe yípo, ìpàdé dé. Gbogbo onímọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ló péjọ sí gbọ̀ngàn yunifásítì. Dókítà ní kí àwọn oníbéèrè wá jókòó lẹ́yìn, kí kálukú sì mú ẹnì kan dání. Èmi ni Abéèrè mú. Mo wọ kóòtù ìgbéyàwó mi, bọ́tìnnì kò pàdé ihò mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń wo ara wọn lókèèrè. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò mí látòkè délẹ̀, ó fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn láìbéèrè nǹkan kan, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n.” Mi ò fẹ́ kí ojú tì í. Mo kọjá wọlé.

Gbọ̀ngàn náà tutù! Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n tàn níbẹ̀, ọkùnrin kan sín, sísín náà dì bíi yìnyín, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fọ́ bí gíláàsì. Àwọn onímọ̀ ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ń yọ lára ògiri lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan fi àwòrán tó pọ̀ hàn wá pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé máíkì sáré káàkiri gbọ̀ngàn fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń wí láti àárọ̀: “Ẹ gbé e súnmọ́ ẹnu.” Kó tó di ìgbà tí a lọ mu tíì, gbogbo wa ti ń pè é ní Gbé-e-súnmọ́nu.

Àṣà kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n á yan ẹlòmíràn tí yóò dìde tú u palẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, bí ìgbà tí mo bá fi ẹsẹ̀ ti àga ọmọṣẹ́ mi wò bóyá ó dúró. Ẹni tí wọ́n yàn fún Dókítà ni ìyá àgbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo máa pè é. Ìyá yìí ti mú kí àgbà ọkùnrin sunkún lórí pèpéle ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Dókítà bọ́ síwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Níbi tí òun ti ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, nǹkan yàtọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣe nǹkan kan, àwọn ọmọdé ń lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ń lọ sílé ìwé, àwọn géńdé ń ríṣẹ́ bí ẹni ń bu omi nínú ìkòkò. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí a bá fi àwọn èèyàn sílẹ̀, wọ́n á rí ọ̀nà ara wọn!”

Gbọ̀ngàn mì. Àwọn onímọ̀ kò fẹ́ràn ohun tó bá ọ̀nà tó wọ́pọ̀ lọ. Ohun tó bá dorí kodò ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá kan tó wá láti ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba fò dìde níwájú, ó gba máíkì.

“Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ èyí! Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ yẹn, oṣù tó ń bọ̀ la máa tì í. Wọn ò nílò wa!”

Abéèrè di apá mi mú. Èékánná rẹ̀ ń wọ inú ẹran ara mi.

“Bùrọ̀dá, wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn.”

“Mo gbọ́. Jókòó.”

“Ibẹ̀ ni mò ń kó wọn lọ.”

“Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ni? Iṣẹ́ tí o ti ń wá láti kékeré ló wà nílẹ̀ yìí. Bí o bá la ẹnu, ó parí.”

“Mo mọ̀.”

Lórí pèpéle, Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àdúgbò tí o fi sílẹ̀ pọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ṣe dáadáa nínú wọn? Àwọn tó kù tí o fi sílẹ̀, sílẹ̀ náà ni wọ́n wà. Kí ló wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ yẹn?”

Òógùn bo Dókítà nínú òtútù yẹn. “Bóyá… bóyá ariwo ọkọ̀ ojú irin ló ń tètè jí wọn.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ilé! Ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹnì kan ní omi ni. Ẹnì kan ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń gbé nítòsí ọkọ̀ máa ń ronú nípa ìrìn àjò, ìrònú ìrìn àjò sì máa ń mú kí èèyàn nífẹ̀ẹ́ ìwé. Wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo rí i pé àbúrò mi ti ń dìde, ni mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ etí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Bùrọ̀dá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín.”

“Mi ò gbé e.”

“Ẹ óò gbé e, tàbí kí n fi aṣọ náà sílẹ̀ fún yín kí n máa lọ.”

Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀.

Gbé-e-súnmọ́nu ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ẹ gbé e súnmọ́ ẹnu, màmá.”

Abéèrè gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èmi ni.”

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Ó wá rò ó látòkè délẹ̀: ọmọ tó ń wúkọ́, géńdé inú ìyẹ̀fun, ọ̀gá ilé ìwé tó ń gba ojú fèrèsé. Òun ló ń ṣe é, láti ojúlé dé ojúlé, bó bá ti béèrè tán.

“Gbogbo wọn?” Dókítà ló béèrè.

“Kì í ṣe gbogbo wọn, Dókítà. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sá.”

“Màmá! Ṣé mi ò sọ fún yín pé kí ẹ má nu ojú ẹnikẹ́ni ni?”

“Mo máa ń pa tábúlẹ́ẹ̀tì ná kí n tó nù ún.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Awò Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n já bọ́ nítorí ẹ̀rín, ó ń fi ọwọ́ wá a lórí tábìlì. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó dà bí àga tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀. Àbúrò mi sì ti yíjú sí ọ̀gá ìjọba.

“Ọ̀gá, ilé ìwòsàn tí mò ń kó wọn lọ ni ẹ fẹ́ tì yẹn. Bí ẹ bá tì í, ibo ni kí n máa kó wọn lọ? Ṣé ilé yín?”

Ọ̀gá náà jókòó. Ó ní wọn ò tì í mọ́, ó ní àṣìsọ ni.

Ṣùgbọ́n òfin ò gbàgbé. Dókítà kọjú sí àbúrò mi, ó ní, “Màmá, ẹ mọ ohun tí a jọ sọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.”

“Ẹ kì í ṣe oníbéèrè mi mọ́.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Abéèrè mi orí, ó ní, “Ẹ má bínú pé mo bà á jẹ́ fún yín. Iṣẹ́ dáadáa lẹ fún mi.” Ó yọ káàdì ọrùn rẹ̀, ó sì nà án sí Gbé-e-súnmọ́nu, torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Mo rí ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí wọ́n tún sọ fún pé iṣẹ́ parí ni, mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí i láìmọye ìgbà. Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi tí igi wó lù tí mi ò ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú.

Ni Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti rí awò rẹ̀, bá tún gba máíkì.

“Dókítà, ṣé o ti lé e tán?”

“Mo ti lé e, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oníbéèrè mọ́, kò sí òfin tó dè é mọ́.” Ó yíjú sí ọ̀gá ìjọba. “Ìwọ tó fẹ́ ti ilé ìwòsàn, gba obìnrin yìí síṣẹ́. Jẹ́ kó lọ ṣe ní gbangba ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Dókítà, ìwọ náà á wá fi oníbéèrè mìíràn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí o wo ohun tó bá yí padà. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó yẹ kí o gbé wá síbí. Èyí tí o gbé wá yìí, mo ti tú u palẹ̀.”

Ọ̀gá ìjọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó ní òun gbà.

Ẹ rò pé àbúrò mi dúpẹ́? Ó kọ́kọ́ béèrè. “Ẹ dákun, ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ tó máa parí ní ìparí oṣù ni, àbí èyí tí mo lè dàgbà sí?”

Ọ̀gá ní, “Màmá, bí àìsàn bá tán láyé, iṣẹ́ yín tán.”

Abéèrè pariwo kan tí fèrèsé gbọ̀ngàn ṣí fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tèmi nípa pákó, ọ̀dà àti òjò, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti òkè òkun fi gbá mi mọ́ra, tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó kù lára kóòtù mi fi fò lọ.

Abéèrè ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn. Dókítà wá ẹni líle kan láti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ le bí ọmọ ọlọ. Wọ́n kìlọ̀ fún un gidi: béèrè, tẹ̀ ẹ́, máa lọ. Ó gbìyànjú. Ní àná ni mo pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ mìíràn mú, wọ́n ń lọ sílé ìwé. Mo bi í pé tábúlẹ́ẹ̀tì dà. Ó ní, “Bàbá, mo ti pa á.”

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó má bá mi jà. Kó lọ sí gbọ̀ngàn yunifásítì náà kó béèrè Gbé-e-súnmọ́nu. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, máíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, tó bá ti gbé etí súnmọ́ ọn.